Tan Òwú Rẹ̀, Kí O sì Kúrò Níbẹ̀

Ilé wa lẹ́yìn àká ọkà,
Nebraska.

Merle ọmọ mi,

Ṣé ẹ wà dáadáa ní Ṣikágò? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Tess ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Olúwa tó ń rọ òjò sórí àgbàdo wa kò ní gbàgbé yín láàárín àwọn ilé gíga yẹn. Ara èmi àti Vernon bàbá rẹ le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn bó bá fẹ́ dìde nídìí oúnjẹ. Kì í ké bó bá ń lọ síbẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé o ò ní mú Tess wálé fún ọdún Òmìnira ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, nítorí báńgà wa, irú èyí tó ń bú lójú ọ̀run, tó jó ilé adìyẹ Kettler aládùúgbò wa léṣìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára páálí la ṣe! Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Tan òwú rẹ̀, kí o sì kúrò níbẹ̀." Lọ́dọọdún, bí mo bá ti tan òwú, èmi àti bàbá rẹ a bọ́ sínú ọkọ̀, a ó sì kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, ó di ilé epo tó wà lọ́nà márosẹ̀. A ó lá áísìkìrímù tán ká tó padà. Wọ́n tún kọ ọ́ pé àgbàlagbà ni kó mójú tó o, la bá gbé Orville ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ jókòó tì í. Ta ló tún dàgbà jù ú lọ lábúlé yìí? Oorun ló ń sùn nígbà tí ilé adìyẹ ń jó. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn adìyẹ tí wọ́n gbọ́n jù wá lọ, wọ́n ti sá.

Mo tiẹ̀ ní kí n fi báńgà díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí Tess lè rí i níbẹ̀, ni Norma ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ń wò mí bí ẹni pé kìnnìún ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó ní òfin kọ̀ ọ́, àti pé ẹni tó bá yìn ín ní Ṣikágò yín, ìjọba á mú un. Kí lẹ wá ń fi ọdún ṣe níbẹ̀ yẹn?

Ní Sátidé tó kọjá, Marlys ọ̀gá panápaná, tí ẹ jọ lọ síléèwé, pè wá sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí mi ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yin báńgà, òun á gba ìṣáná lọ́wọ́ mi. Mo ní ọmọ tí mo nu imú fún ló fẹ́ kọ́ mi ní iná dídá? Ó ní kí n dákẹ́ ariwo, kí n lọ pọn omi wá. Ó gba bíà lọ́wọ́ bàbá rẹ, ó ní ọtí àti báńgà kì í jọ ṣiṣẹ́. Ó ní ilẹ̀ gbalasa ni kí n gbé e lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí n máa tan án, kí n má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Èyí tí mo kọ́kọ́ tàn kọ̀, kò bú. Mo ti fẹ́ lọ yọjú wò ó kí n bẹ̀ ẹ́, Marlys fi ẹ̀wù ọrùn mi fà mí padà. Ó ní ká fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó fi omi rì í.

Nígbà tí mo sọ ti ilé epo fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú garawa omi. Ó ní ohun tí ìwé náà ń wí ni pé kí n sún sẹ́yìn dé ìdí okùn tí òun ta, kí n yíjú padà, kí n máa wò ó. Mo tan án, mo sún sẹ́yìn, mo yíjú. Merle! Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń ra nǹkan yìí, n kò fojú mi rí i rí. Ó tú ká lójú ọ̀run, pupa, wúrà, mo sì sunkún níbẹ̀. Mo gbé fóònù sókè kí o lè rí i, bàbá rẹ ní mi ò tíì tẹ nọ́ńbà rẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa omi pa iná, ajá ti jẹ tiwa. Tàbí kí o kúkú mú un lọ́wọ́ bọ̀. Ọ̀nà á là fún yín, ẹ ò ní kọsẹ̀, Tess á dàgbà lójú rẹ.

Èmi náà ni mo tan òwú tìrẹ, ọmọ mi, tí mo ní kí o jáde lọ sí ìlú ńlá. O ti kúrò níbẹ̀ jìnnà, ó kọjá ilé epo. Marlys ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Yíjú padà, kí o wá wò wá.

Èmi ìyá rẹ,
Ardith.