Wọ́n Pín Lẹ́tà Wa Bí Ogún

Bàbá mi,

N kò ta lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ. Ṣadé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun lọ tu koríko ibojì yín, òun sì dúró níbẹ̀, òun fi ẹjọ́ mi sùn yín: pé mo kó àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi, mo tà wọ́n fún òyìnbó ní láíbìrì kan ní Hústọ̀n. Irọ́ ni. Òyìnbó kankan kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Bó bá jẹ́ pé mo tà wọ́n ni, màá sọ fún yín pé mo tà wọ́n, ẹ ó bú mi, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ẹ kú àtijọ́ o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Bí mo ṣe ń kí yín tẹ́lẹ̀ ni mo mọ̀: màá kọ ọ́ sókè ìwé pé ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ẹ̀yin á fi báírò pupa fa igi sí i lábẹ́, ẹ ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n yé kí yín bí ẹni tó ń wáṣẹ́, kí n wọ inú ọ̀rọ̀.

Báírò pupa yẹn! Ọmọ ta ni bàbá rẹ̀ ń dá lẹ́tà rẹ̀ padà fún pẹ̀lú máàkì? Ẹ ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ kò fẹ̀yìn tì lọ́rọ̀ tèmi. Àwọn tí ẹ kọ́ pẹ̀lú mi nílé ẹ̀kọ́ abúlé wa ti gbàgbé báírò náà; èmi ṣì ń rí i ní Texas. Ẹni tó bá ti ilé dé á kó èlùbọ́ lé mi lọ́wọ́, á kó irú lé e, lẹ́tà mi á wà láàárín wọn, òórùn irú ti wọ̀ ọ́ lára: “Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ìtàn kò sí.” Màá kọ èsì lójú ẹsẹ̀ pé ìtàn ń bẹ, ẹ̀yin ni ẹ kò rí i. Ẹ kò fún mi ní mẹ́wàá rí. Ṣé n kò tó o ni, àbí ẹ̀ ń fi í pamọ́ de ọjọ́ kan?

Ìtàn Àdùnní ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí yín pé ara mi kò gba ìlú yìí, pé ilé ń pè mí. Dípò kí ẹ tù mí nínú, ẹ kọ ìtàn obìnrin kan sí mi, Àdùnní, awakọ̀ akẹ́rù, tó kó iṣu dé àárín odò tí pákó afárá sì dá mọ́ táyà rẹ̀ lábẹ́. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ìwọ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.” Ó pẹ́ kí n tó rí i yọ. Nígbà tí mo yọ ọ́, èmi náà tì í sínú wàhálà mìíràn, mo fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ tì í. Mo yọ ọ́, mo tì í. Nígbà tó yá, Àdùnní kò jẹ́ kí n ráyè sunkún ilé mọ́. Ṣé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn? Ẹ kò sọ ọ́, èmi náà kò sì bi yín nígbà tí ẹnu yín ṣì lè dáhùn.

Bí láíbìrì ṣe wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì kan níbí; mò ń to ìwé padà sórí pẹpẹ. Wọ́n pàtẹ àwọn lẹ́tà kan sínú àpótí onígíláàsì. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ wọ́n síra wọn, ará Amẹ́ríkà, àwọn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bàbá ń kọ ewì, ọmọ náà ń kọ ewì. Mo dúró, mo kà á. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni! Ọkùnrin náà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ewì rẹ̀ dà bí aṣọ tí èèyàn yá wọ̀. Ọmọ dá a lóhùn pé ẹni tí kò láṣọ ló ń yá a, kí bàbá òun bọ́ tirẹ̀ fún òun. Wọ́n bínú, wọn kò kọ̀wé síra wọn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá kọ̀wé, kò mẹ́nu ba ewì rárá, ó kàn béèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dun ọmọ náà ti san. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èébú àti ìfẹ́, lẹ́tà kan àti èsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Obìnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú wọn bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé èmi náà ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi lẹ́tà yín pamọ́ síbi tó gbẹ, torí ooru Hústọ̀n ń jẹ ìwé. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí n má ṣe ya lẹ́tà kankan kúrò lára èsì rẹ̀. Ó ní òun lè bá mi ya fọ́tò gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òyìnbó kò ju ìyẹn lọ.

Mo délé, mo tò wọ́n: tiyín, tèmi, tiyín, tèmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi dùn débi pé mo pe Bọ̀dá Kúnlé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn Bọ̀dá. Ọmọ ìyá àgbà ni wọ́n, èmi jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì, ṣùgbọ́n àwọn ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí mo dé. Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ sùn. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò wọ fíríwéè láì di ojú. Ẹni tó bá bú wọn níwájú mi, ìjà ni. Nígbà tí wọ́n ní kí n gbé lẹ́tà náà wá sílé wọn tuntun ní Fulshear, pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi níbẹ̀, pé a ó ka díẹ̀ nínú wọn níbi ìrántí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé àpótí náà sórí ìjókòó iwájú mọ́tò, mo fi bẹ́líìtì dè é bí ọmọ. N kò ya fọ́tò ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Fọ́tò kí ni màá yà?

Sátidé kan ni wọ́n pè mí. Mo rò pé oúnjẹ la fẹ́ jẹ. Mo bá fóònù tí wọ́n gbé dúró sórí tábìlì, gbogbo ará ilé wà nínú rẹ̀: Ṣadé, Màámi, àti ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ olórí ẹbí. Àpótí wa wà láàárín tábìlì, ó ti ṣí sílẹ̀.

Bọ̀dá ní, “Àbúrò mi, jókòó. Má gbóná o. Lẹ́tà Bàbá yìí ti ń dá awuyewuye sílẹ̀. Ohun tí bàbá bá fi sílẹ̀, ogún ni.”

“Wọn kò fi í sílẹ̀, Bọ̀dá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni. Ohun tí bàbá bá fún ọmọ nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀bùn ni.”

Ṣadé, ọmọ ìyá Bọ̀dá, tí èmi àti òun jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, ké láti inú fóònù: “Ẹ̀bùn! Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí ni? Èmi tí mò ń fọṣọ wọn, tí mò ń gbé oúnjẹ fún wọn, lẹ́tà mélòó ni wọ́n kọ sí mi?”

“Inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé! Ṣé kí wọ́n máa kọ lẹ́tà láti pálọ̀ sí kíṣìnnì ni?”

Àǹtí Bímpé, ìyàwó Bọ̀dá, rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣadé ní, “Máa ṣàpárá lọ. Olórí kunkun! Kí o tó tà wọ́n tán fún òyìnbó la ṣe pe ìpàdé yìí.”

Bọ̀dá kò sọ fún un pé irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láíbìrì náà. Wọ́n ń wo èékánná wọn.

Olórí ẹbí ní kí wọ́n pín in ní ìdí-igi, bí wọ́n ṣe ń pín ogún nílé wa: ìyàwó méjì, ìpín méjì, kò sí ìjà. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lójú fóònù, ọ̀kan sọ́tùn-ún fún ilé ìyá àgbà, ọ̀kan sósì fún ilé Màámi. Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbà. Gbogbo wọn ń kan sáárá sí i: ọgbọọgba ni, kò sí màgòmágó.

Bàbá, ẹ fọkàn bá mi lọ. Tiyín, tèmi, tiyín, tèmi. Ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Nígbà tí àpótí ṣófo, gbogbo lẹ́tà yín ló wà lápá ọ̀tún. Gbogbo tèmi, pẹ̀lú báírò pupa yín lára wọn, ló wà lápá òsì. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n kó fún mi pé kí n jogún.

Bọ̀dá sì mọ bí mo ṣe tò wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó dúró tì mí. Àǹtí Bímpé ni mo kọ́kọ́ kà, torí wọ́n rọra sọ fún ọkọ wọn pé, “Dádì Tóbi, èyí kò dáa o,” kí wọ́n tó dìde lọ wo ìrẹsì lórí iná. Mo ka Màámi ṣe ìkejì. N kò tíì kà wọ́n tán tí mo gbọ́ ohùn wọn: “Ọmọ mi, gba tiwa, jẹ́ kí ilé tòrò. Ìwé ni, kì í ṣe ilẹ̀. O ṣeun, Bàbá Tóbi, Ọlọ́run á bù kún ọ.” Mo dá kíkà dúró.

Mo wá bi Bọ̀dá pé ta ló ní kí wọ́n ṣe irú èyí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí lójú. Wọ́n ní, “Bàbá fúnra wọn ni. Wọ́n pè mí kí wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí lẹ́tà yẹn dá ìjà sílẹ̀, pé kí n pín in.”

N kò gba ìpín náà. Bí mo bá gbà á, mo ti gbà pé ogún ni. Àǹtí Bímpé tẹ̀lé mi dé ìdí mọ́tò pẹ̀lú ìrẹsì nínú abọ́. N kò gba ìyẹn náà.

Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ẹ pè wọ́n? Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ọ̀rọ̀ Ṣadé kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ohun gbogbo sí mi, títí kan ti ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ fìlà yín, kí ló dé tí ẹ kò kọ ìyẹn? Ṣé ara ń ni yín ni? Ṣé wọ́n ń yọ yín lẹ́nu, tí ẹ fi sọ ohun tí á jẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sinmi? Àbí ẹ rò pé èmi á gbà, torí èmi kì í bá yín jà ju orí ìwé lọ? Mo bi Ṣadé. Ó ní òun rí yín lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni òun wà, òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan tó ń lọ sílé ti bá Bọ̀dá kó díẹ̀ lára lẹ́tà yín lọ fún un.

“Olórí kunkun, jọ̀ọ́, báwo ni obìnrin yẹn ṣe kúrò lórí afárá?”

“Obìnrin wo?”

“Àdùnní ni! Bàbá fi í sílẹ̀ lórí afárá. Nínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ó ti wà ní àtìmọ́lé. Kí ló ṣe? Ta ló tì í mọ́lé?”

“Lọ bi Bọ̀dá.”

“Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò tíì ráyè kà á. Wọ́n ní ìyókù wà nínú gáráàjì.”

Gáráàjì, nínú ooru yìí! Mo gé fóònù náà. Mo rìn yí inú yàrá po, lẹ́yìn náà mo pè é padà. Mo sọ fún un pé Àdùnní tú pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, ó fi sọdá, ó sì gbàgbé pákó náà sórí odò. Iṣu wá ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọjà, oníṣu sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣadé rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Ìwọ lo ro ìyẹn?” Mo ní èmi ni. Mo sọ fún un nítorí pé òun nìkan ló béèrè.

Bọ̀dá ti ránṣẹ́ pé kí n wá lọ́jọ́ Sunday sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Mission Bend, kí n gba ìpín mi níwájú pásítọ̀, ká dì mọ́ra wa, kó tán.

Mo ti rò ó. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ̀yin lẹ já mi kulẹ̀, ẹ sì wà níbi tí n kò ti lè bá yín jà. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n tó wá pàdé mi nígbà tí n kò mọ ẹnì kan ló fi ẹnu òkú purọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó lè là á yé mi. Èyí tí mo bá gbà gbọ́ á mú ẹnì kan lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ti lọ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá. N kò lè jẹ́ kí ẹ tún lọ.

Nítorí náà mo kọ ọ́ sí Bọ̀dá lórí fóònù láàárọ̀ yìí pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ yín, pé n kò ní wá. Wọ́n ti kà á. Bí mo bá ṣẹ̀ wọ́n lásán, nítorí yín ni mo ṣe ṣẹ̀ wọ́n, n kò sì ní ẹ̀gbọ́n mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ yìí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó yàn yín.