Ẹsẹ̀ Kan Tó Kù fún Bàbá Mi

                                        Neiafu,
                                        Vava'u, Tonga.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 2020.

Ẹ̀gbọ́n mi Fusi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Auckland? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, àbí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́ yín láti máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé? Tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ dára. Àlùfáà tó ń wọ bàálù bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ọwọ́ màmá mi ni fóònù wà. Bí wọ́n bá mọ ohun tí mo ń kọ, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ lù mí dé ọ̀dọ̀ yín láìwọ ọkọ̀.

Ẹ rántí pé oṣù Kẹwàá ni wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì bàbá mi nítorí àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì fún wa ní ìwé kan tí wọ́n ya àwo oúnjẹ sí: ewé gba ìdajì, ẹja àti kókò pín ìyókù. Màmá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Jésù. Wọ́n gbin ewé pele yí ilé ká, èmi ni mo sì ń lé ẹlẹ́dẹ̀; kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ní Vava'u tí kò mọ orúkọ mi. Bàbá mi kọ́kọ́ ń kùn. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń bèèrè pele àti ẹja yíyan. Egbò tó wà ní ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù ń jiná. Wọ́n tún ń kọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, màmá yín, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló bà á jẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé ìkòkò sipi wọlé, ẹran àgùntàn tí ọ̀rá rẹ̀ lè tan fìtílà títí di Kérésìmesì. Wọ́n wo ìwé ara ògiri, wọ́n ní, "Ta ló ń fi ewé bọ́ àbúrò mi? Ṣé ẹ ti sọ ọ́ di ewúrẹ́ ni?" Màmá mi tẹrí ba. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: arábìnrin bàbá ju bàbá lọ nílẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbé ìkòkò náà fún ajá. Ajá mẹ́ta ò lè dìde. Màmá yín sunkún pé a ti kọ àwọn lẹ́bí. Bàbá mi fọ́ mi létí, mo sì lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n tún se òmíràn. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Maikolo, ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Arábìnrin kan ṣoṣo ló fún mi."

Ìka náà ti dúdú báyìí. Dókítà ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí dúdú náà bá ti gòkè, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ Ìsinmi á sì kọ́kọ́ dé. Màmá yín ò burú. Ìkòkò nìkan ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ràn èèyàn. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ẹnu tèmi, ìfọ́tí ló ń gbó sí. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sọ fún wọn nípa ìka náà, torí wọn ò mọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí, nínú ooru yìí, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ kí màmá yín má baà rí ìka náà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ara àwọn le.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbọ́ràn,
Maikolo