Ìyá Onífèrèsé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Damaris Ọmọ́níkẹ́ Ọlánípẹ̀kun (1938–1997)

Ìlú Òkè-Òpin ni a bí Màmá wa sí lọ́dún 1938. Bàbá wọn ni Pa Jonah, àgbẹ̀ oníṣu tó tún jẹ́ òǹkàwé Bíbélì nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìyá wọn ni Màmá Adéyẹyè. Lọ́dún 1947, ikọ́ burúkú kan mú àbúrò Màmá wa. Àwọn ará ilé kún yàrá ọmọ náà fọ́fọ́, torí ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Wọ́n ti fèrèsé pa kí òtútù má bàa mú un. Ọmọ náà kú, méjì nínú àwọn tó wá kí i sì tẹ̀ lé e. Màmá kò gbàgbé rẹ̀ láé.

Wọ́n gboyè olùkọ́ lọ́dún 1958. Lọ́dún 1961, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Pa Japhet Ọlánípẹ̀kun ti Ìsọlọ̀-Òpin, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì wọn ní Ọ̀sí mọ̀ pé kí wọ́n tó kí ọmọ káàárọ̀, gbogbo fèrèsé á ti ṣí, ọyẹ́ ì báà máa fọ́ni létè. Ọmọ tí òtútù bá ń mú, kó wọ ẹ̀wù méjì wá lọ́la! Ibẹ̀ ni orúkọ náà, Ìyá Onífèrèsé, ti wá. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Áà, ìgbà yẹn dùn: iṣu sísun lọ́sàn-án òjò, àti ohùn Màmá tó ń darí orin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 1993.

Ní Kérésìmesì 1996, àwọn ọmọ Òpin tó ń gbé ìlú ńlá wálé, ikọ́ sì bá wọn wá, pẹ̀lú ibà àti èémí tí kò délẹ̀. Dídì mọ́ra àti kíkún yàrá aláìsàn ló gbé e láti agboolé dé agboolé. Ọjà àti bọ́ọ̀sì gbé e dé Ọ̀sí tí à ń gbé. Ó mú Bàbá wa. Màmá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àlejò, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n gbé àga kan sí ìta lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Màmá Àjọkẹ́, fárígá: irú ìyàwó wo ló ń lé ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò? Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà! Màmá fèsì pé ojú náà kúkú ni fèrèsé wà fún. Màmá Àjọkẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Orí àga yẹn ni wọ́n ti ń ké “Ẹ kú ulé o”, bí àwa ṣe ń kí ẹni tó wà nílé, lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pìtàn èwe fún Bàbá, títí ara Bàbá fi yá. Nínú agboolé wa, kò sí ẹlòmíràn tó kó o, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó ń wọlé.

Ní oṣù Kínní 1997, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀. Màmá kọ̀ jálẹ̀ pé àwa ọmọ kò gbọdọ̀ wọlé, ó sì dùn wá títí di òní. Bàbá nìkan, tí àìsàn náà ti fi sílẹ̀, ló di ọwọ́ wọn mú. Màmá Àjọkẹ́ padà sórí àga, wọn ò sì bínú mọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, Màmá sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi Pa Japhet sáyé lọ, àti Babátọ́pẹ́, Tolúlọpẹ́ àti Princess, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ má bínú pé a ò ṣí pósí. Àṣẹ wọn ni. Àga náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé. Màmá Àjọkẹ́ ò jẹ́ ká gbé e wọlé.

Ìyá Onífèrèsé, ẹ kú ulé o. Ilé tẹ́ ẹ lọ yìí, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún yín. Ẹ sùn ire.