Orúkọ Tó Wà Lórí Mítà

Ìyá Mùíbátù,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Hajarat tó ń gbé yàrá kejì ló ń bá mi kọ èyí, nítorí bí mo bá pè ọ́, ẹkún la ó tún fi pa fóònù.

O bèèrè pé kí ló dé tí iná ẹnì kan ṣoṣo fi ń jẹ owó tó bẹ́ẹ̀ ní Sango. Gáàsì kò ná mi ní nǹkan kan. Èyí tí ọmọ wa rà kó tó kú ṣì wà nínú sílíńdà, n kò tíì fọwọ́ kàn án. Iná mànàmáná ló ń gbówó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé oní-POS, ó sì ń yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá lọ. Ó ní, "Baba, ẹ ra ti oṣù kan papọ̀, owó yín ń ṣòfò." Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Orúkọ Mùíbátù ló ṣì wà lórí mítà. Bí Kẹ́hìndé bá tẹ nọ́ńbà mítà náà tán, á bi mí, kó má baà ra iná sí ti ẹlòmíràn: "Mùíbátù Àmọ̀dá, àbí?"

Èmi á ní, "Òun ni."

Kò sí ẹlòmíràn tó ń pe orúkọ yẹn létí mi níbí mọ́. Nítorí náà, má tún sọ pé kí n kó jáde nínú yàrá rẹ̀ wá sílé.

Bá mi kí Àlàrí àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Iná tún ti fẹ́ tán. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé.

Bàbá Mùíbátù