Ìwé Méjì Láti Báńkì Kan Ṣoṣo

Ojúlé Kẹsàn-án, Ọ̀nà Ọjà,
Ìhunbọ̀,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpòkíà.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Habeebah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú ìyèdún. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ayétòrò? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Mo gbọ́ pé àgbò yín já okùn láàárọ̀ ọdún, ẹ sì lé e dé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Dáadáa ni gbogbo wa wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Habeebah, jókòó ná kí o tó kà á lọ. Báńkì ti dá owó mi padà! Gbogbo rẹ̀ pátá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà, kọ́bọ̀ kan ò dín. Láti àná ni mo ti ń jó kiri inú ilé.

O mọ̀ pé mo ń tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ tí n ó fi máa lọ ẹ̀gẹ́, kí n lè yéé tò sẹ́yìn àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ti ní òun ò ní í dúró kọjá oṣù yìí. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo lọ sí báńkì ní Ìlaròó, mo fi káàdì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì wọkọ̀. Ọkọ̀ ò tíì kúrò ní gáréèjì tí àlááàtì fi wọlé pé mo ti ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin n'Íbàdàn. Mo sáré padà sí báńkì. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti káàdì náà pa, ó ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi ni wọ́n lò, nítorí náà èmi ni mo fún ẹnì kan ní káàdì, báńkì ò sì ní í san nǹkan kan. Káàdì ọ̀hún sì rèé lọ́wọ́ mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá Aishat ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé ta ló ń bá báńkì jà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni kí n kọ ìwé ẹ̀sùn, kí n gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn, bí wọn ò bá sì yanjú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ l'Ábùjá. Mo kọ ọ́. Wọ́n kọ̀wé fèsì pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo fi káàdì mi rajà n'Íbàdàn, pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwa tí à ń kó gàrí gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, o mọ̀ wá. Pẹ̀lú bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń béèrè ìwé níbi gbogbo tí wọ́n bá gbégi dínà, ta ló jẹ́ ju ìwé nù? Bébà tí wọ́n fi di àkàrà nìkan ni n kì í tọ́jú. Mo da báàgì ìwé mi sílẹ̀, mo sì rí èyí tí ẹ̀rọ wọn pọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà: Ìlaròó, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló wà láàárín. Àfi bí mo bá fò.

Mo wọlé tọ mánijà lọ, mo tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi ní méjèèjì, sà. Èwo ló ń parọ́ nínú wọn?"

Ó wò wọ́n, ó bọ́ ìgò ojú, ó tún wò wọ́n. Ó ní kí n jókòó. Mo ní rárá, pé ẹ̀dà méjèèjì tí n ó fi ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ ti wà nílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, owó wọlé. Òní ni mo san owó ẹ̀rọ.

Bá mi kí Màmá, kí o kí Abdulrauf àti àwọn àbúrò rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, báńkì yìí kan náà yọ ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ́wọ́ rẹ fún ìbánigbófò tí o ò béèrè. O lọ bi wọ́n, wọ́n lé ọ jáde, o sì ní o ti fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ń dùn mí títí dòní. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn tìrẹ, òun ni bébà kejì nínú àpò ìwé yìí. Ibi tí wàá fọwọ́ sí nìkan ló ṣẹ́kù. Ọjọ́ Ajé ni mò ń bọ̀. A jọ ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbà,
Mùínátù Bàrúwà.