Àga Tí Faith Gbà Sílẹ̀ fún Dàda

                                        Ilé Àṣàkẹ́ Aránṣọ,
                                        Àdúgbò Ìperin,
                                        Ìlá Ọ̀ràngún,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Fádùnní mi, ọ̀rẹ́ àtèwe,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Dàda ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n láti ìgbà ọyẹ́? Dàda gan-an ńkọ́? Mo fi tirẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá Faith ń kí ọ, ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ṣùkúrátù sì gbé ẹran wá fún wa títí ojú fi tì mí, nítorí mi ò tíì rán aṣọ ọdún rẹ̀ tán.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, o sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ rẹ máa ń tètè wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́ kí ó wọ̀ mí lára báyìí. Inú ń bí mi, Fádùnní. Mo fẹ́ kí o jókòó, kí o ka ìbínú náà tán pátá, kí o tó dá mi lóhùn.

Ìwọ náà lo kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta. Ọdún tí dókítà sọ fún ọ ní Òṣogbo pé Dàda náà rí bíi Faith tèmi ni, pé Dáùn Síńdíróòmù ni wọ́n ń pe ohun tí a bí àwọn ọmọ wa méjèèjì mọ́, pé kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ìyá kankan. O ní ohun tíńtín kan wà nínú ara ènìyàn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún, pé méjì ló máa ń jẹ́ lára tiwa, mẹ́ta ló sì jẹ́ lára tiwọn, ìdí nìyẹn tí ayé fi mú ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta fún wọn. O ní àwọn ènìyàn máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò bára mu lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó bá rí i lè béèrè ìdí rẹ̀, kí àwa náà lè rí ẹnu sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni rántí wa.

Nítorí náà, nígbà tí àwa ìyá mẹ́rin tí a ní irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Ìlá gba gbọ̀ngàn fún Sátidé tó kọjá yìí, tí ìwọ náà sì ní o ń mú Dàda bọ̀, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Faith gbọ́, kò sì jẹ́ kí a sinmi mọ́. O rántí bí òun àti Dàda ṣe jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yín nígbà Kérésìmesì, tí wọ́n ń bó ẹ̀pà sẹ́nu ara wọn? Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dàda ló ń dárúkọ. Kò ní ẹlòmíràn.

Àfi bí Olóyè Ọlájídé ṣe yọjú. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ tuntun kan tó ń gbin igi káàkiri. Wọ́n ti rí i kà níbì kan pé ọjọ́ kọkànlélógún yìí kan náà ni Ọjọ́ Igbó ní gbogbo àgbáyé. Àwọn olùkọ́ kan tún ní Ọjọ́ Ewì ni. Olóyè wá bá wa, wọ́n ní kí ló dé tí a ó fi máa ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí a pa á pọ̀. Àwa náà gbà. A rò pé èrò á pọ̀ sí i, ìlú á sì rí àwọn ọmọ wa.

Ìgbà tí a dé gbọ̀ngàn láàárọ̀ ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tí wọ́n ta sójú ògiri. ỌJỌ́ IGBÓ, gàdàgbà báyìí. Ọjọ́ Ewì wà lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí aṣọ ti ká kò, ni wọ́n wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí pé “pẹ̀lú àwọn aláìlera.” Fádùnní, àwa la gba gbọ̀ngàn o! Ta ló sọ fún wọn pé ara Faith kò le? Faith tó ń pọnmi kún àmù ilé kí n tó jí! Èmi náà fẹ́ràn igi, mi ò bá igbó jà. Ṣùgbọ́n igbó lè mú ọjọ́ mìíràn kí ewé kankan má sì já. Ọjọ́ tiwa wà lára àwọn ọmọ wa. A ò lè sún un.

Kò tán síbẹ̀. Olóyè rí àwa ìyá mẹ́rin pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí o fi rán awakọ̀ sí wa, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ti Ṣùkúrátù sì dé orúnkún lápá kan, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ lápá kejì. Wọ́n wò wá títí, wọ́n mi orí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ béèrè ni, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Àṣé àánú wa ló ń ṣe wọ́n! Wọ́n gba gbohùngbohùn, wọ́n ní àwọn ti fi ojú ara àwọn rí bí nǹkan ṣe le fún àwọn obìnrin ìlú yìí tó, pé a ò rí ìbọ̀sẹ̀ méjì tó bára mu wọ̀ jáde, pé àwọn á bá àwọn ọmọ Ìlá tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ kí wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Ṣùkúrátù fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan rín.

Wọ́n tún ní kí àwọn ọmọ wa lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta, kí wọ́n má baà dí ètò lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ sí i tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Olóyè kà á sí wa létí pé ọjọ́ kan náà yìí ni ayé fi ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà! Mo ní Faith kò ní jókòó síta lọ́jọ́ tirẹ̀. Mo mú un lọ síwájú.

O mọ̀ pé àga gbọ̀ngàn yẹn kì í tó, olúkúlùkù máa ń ru tirẹ̀ láti ilé ni. Faith ru méjì, tirẹ̀ àti ti Dàda. Mo ti pè ọ́ láàárọ̀ nígbà tí mo rí awakọ̀ tí mi ò rí ọ, o ní ibà ló mú Dàda. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mi ò kàn lè wo ojú Faith kí n sọ fún un pé kò wá mọ́, mo ní bóyá ara rẹ̀ á yá tó bá di ọ̀sán. Bí àwa ṣe máa ń fi gèlè gba àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Faith mú ìbọ̀sẹ̀ tí o dì mọ́ tiwa fún Dàda, ó tẹ́ ẹ sórí àga náà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa. Gbogbo ọ̀kadà tó bá dúró lẹ́nu géètì ló ń yọrùn wò.

Wọ́n ń ké ewì lọ́wọ́ ni àlejò pàtàkì kan dé láti Ọ̀tan. Àga ti tán. Olùdarí ètò wá sọ́dọ̀ Faith, kò kí i, kò bi í léèrè, ó gbá ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú. Faith náà di ẹsẹ̀ àga mú.

“Ẹ má gbé e,” ni Faith wí. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. “Ti Dàda ni. Ó ń bọ̀.”

“Dàda wo? Fi àga ìlú sílẹ̀ jàre.”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Olóyè gbọ́ ọ, wọ́n fi gbohùngbohùn sẹ́nu, wọ́n ní, “Ẹ bá wa wá Dàda o! Ta ló rí Dàda?” Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irú wọn máa ń rí ohun tí a ò rí.”

Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní kì í ṣe àga ìlú, àga mi ni, orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà. Mo ní ọjọ́ àwọn ọmọ wa ni wọ́n bá wa dá sí, wọ́n ti gba ọjọ́, wọ́n ti gba gbọ̀ngàn, ó wá ku àga. Olóyè ní, “Ìyá Faith, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún wa. Ọmọ ta ni Dàda?”

Fádùnní, gbogbo ojú wà lára mi. Faith náà ń wò mí, ó ń retí kí n sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ Dàda. Ẹ̀gbọ́n rẹ sì wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sí ìlà kẹta. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi lọ́jà níjọ́sí pé Dàda wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ní Ìgbájọ, pé orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mi ò já ọ ní koro lọ́jọ́ náà lọ́jà. Mi ò sì já ọ ní koro ní Sátidé. Mo pa ẹnu mi mọ́ nítorí tìrẹ, wọ́n sì fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ ṣọ̀rẹ́.

Àlejò yẹn ló kó wa yọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi àga ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Faith ṣa ìbọ̀sẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó tún tẹ́ ẹ padà. Àga náà ṣófo títí wọ́n fi parí. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gbin igi, àwọn tó ní kí àwọn ọmọ wa jókòó síta tún ń pè wọ́n kí wọ́n wá di igi mú fún fọ́tò! Ṣùkúrátù ní ọmọ òun kì í ṣe òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì lọ́ṣọ̀ọ́. A ru àga wa, a lọ sílé.

Mo ti fẹ́ máa gbàgbé rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo ṣí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ tí mo rí fọ́tò tí o gbé síta. Ìsọmọlórúkọ nílé àbúrò ọkọ rẹ, Sátidé náà gan-an. Ìwọ rèé nínú léèsì aláwọ̀ búlúù tí èmi rán fún ọ. Bàbá Dàda rèé. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ rèé, wọ́n tò bí ẹyin. Mo wá Dàda títí. Mi ò rí i.

Ibà wo, Fádùnní? Ṣé ẹni tó bí ọmọ tí ibà ń ṣe ló ń rẹ́rìn-ín báyẹn? O tì í mọ́lé ni. O fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ kí àwa lè fi ọmọ tiwa han ìlú, o sì fi tìrẹ pamọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu àwọn ará ilé ọkọ rẹ mú. Ti àwọn ará ilé ọkọ tèmi náà mú, o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n gbé Faith lọ fún ìyá mi lóko. Ìwọ lo sọ fún mi nígbà náà pé kí n má dá wọn lóhùn. Ta ni kí n wá ní kó sọ ọ́ fún ìwọ náà? Inú Olóyè Ọlájídé bí mi, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ni. Ìwọ mọ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí dọ́kàn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ọjọ́ kọkànlélógún máa bọ́ sí. Mo mọ̀ pé wọ́n á tún ní kí a pa á pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀, àwa ṣì máa jókòó síwájú. Má fi ìbọ̀sẹ̀ kankan ránṣẹ́ sí mi. Tí wọ́n bá sì tún bi mí pé ọmọ ta ni Dàda, mi ò ní dákẹ́ mọ́. Mo fẹ́ kí o ti wà níbẹ̀ kí o sọ ọ́ fúnra rẹ.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí wọ́n máa fi òrí pa ẹsẹ̀ náà. Kí Bàbá Dàda, má fi lẹ́tà yìí pamọ́ fún wọn. Kí àwọn ọmọ. Faith ti fọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó sá a, ó sì tún tẹ́ ẹ sórí àga náà nínú pálọ̀. Àná, pásítọ̀ wa jókòó síbẹ̀, Faith ní kí wọ́n dìde. Ó ní kí n kí Dàda fún òun, kí n sọ fún un pé kò sí ẹni tó gba àga rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí, tí kò sì níbi tó ń lọ,

Àṣàkẹ́
(Ìyá Faith)