Ẹṣin Tí Mo Gùn ní Peckham

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ ẹṣin,

Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbọ́ èyí. Mo ti gun ẹṣin ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Mo gùn ún gba Rye Lane, ojú ọjà gan-an, kọjá lọ́sàn-án gangan. Bọ́ọ̀sì dúró, mọ́tò dúró, àwọn tó ń ta ẹja gbàgbé ẹja sọ́wọ́ oníbàárà, ọlọ́pàá méjì sì ń lé àwọn èèyàn sẹ́yìn kí bàbá àgbà lè ráyè kọjá. Ẹṣin dúdú ni, ó ń dán bí ìṣáasùn tuntun, gbáríyẹ̀ yín ló sì wà lọ́rùn mi.

Ó dáa. Kì í ṣe Rye Lane. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Gbáríyẹ̀ yín náà, kòkòrò ti jẹ apá rẹ̀ kan tán kí n tó mọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Àlájì Ràjí, ọ̀rẹ́ mi, àti àwọn àgbà yòókù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nìyẹn, mo ní kí n dán an wò lára yín bóyá ẹ̀yin náà á gbé e mì. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbé e mì. Wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi kí ẹnìkan tó tì mí.

Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti ìwé ti pínyà, ẹ̀yin ò sì mọ̀wé rárá. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, a bára wa mu.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo ti dàgbà jù yín lọ báyìí. Ọjọ́ orí tí ẹ fi kú, mo ti kọjá rẹ̀. Tí a bá pàdé lọ́run, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta? Ẹ máa rò ó kí n tó dé. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ìyá Sìkírá, ìyàwó mi, ti wà lọ́dọ̀ yín láti ọdún tó kọjá. Ohunkóhun tó bá sọ nípa mi, ẹ gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Sìkírá, ọmọ wa, ló ń tọ́jú mi. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́, tó bá sì délé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ti mu omi, bóyá mo ti lo oògùn. Mo máa ń dá a lóhùn pé ìyàwó tuntun ni dókítà kọ fún mi. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Fláàtì wa ti dákẹ́ jù, Bàbá. Èmi nìkan ni mò ń pa àwàdà, èmi nìkan ni mò ń rín in.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé mi jáde, tí mo fi ń gun bọ́ọ̀sì kiri láìsí ibi tí mò ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni fún àgbà. Lọ́jọ́ kan ní Old Kent Road, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, òórùn kan sì wọlé, ó jókòó tì mí. Ìgbẹ́ ẹṣin, ìtọ̀ rẹ̀, koríko gbígbẹ. Ẹ̀yin ni. Òórùn aṣọ yín ni, nígbà tí ẹ bá ń ti ilé ẹṣin ìjòyè tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bọ̀ wálé ní Ìlọrin. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ni òórùn náà gbé mi dé, lẹ́bàá afárá ojú irin. Ilẹ̀ kékeré kan ni, ẹṣin díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ inú fláàtì sì ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Miss Dawn ló ń ṣe àkóso ibẹ̀, obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jamaica, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ọ̀gá sójà. Mi ò lè sọ fún un pé òórùn bàbá mi ni mo tẹ̀lé wá. Mo ní ìgbẹ́ ẹṣin ni mo fẹ́ tọrọ fún tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sínú ike lẹ́yìn fèrèsé. Ó bù ú kún àpò fún mi. Nígbà tí mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà, ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe bọ̀wọ̀ fún mi. Gbogbo ìjókòó tó yí mi ká ló ṣófo.

Ibẹ̀ ni Biscuit wà. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Akọ ọmọ ẹṣin dúdú ni, tí wọn kò tíì di gàárì mọ́ lẹ́yìn rí. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ẹgba bà á jẹ́. Tó bá rí ọwọ́ èèyàn báyìí, á tẹ etí mọ́ orí, á yí ìdí síni, pátákò rẹ̀ á sì dún gbàgà lára pákó. Miss Dawn kò lè fi okùn sí i lórí. Ó ní ibẹ̀ kéré, ọmọdé ń wọlé, ọmọdé ń jáde. Tí kò bá gba okùn kí oṣù tó parí, ọkùnrin kan á gbé mọ́tò wá láti gbé e lọ. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń gbé e lọ. Ilẹ̀ ló wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé alápatà ni ìyẹn túmọ̀ sí.

Ni mo bá la ẹnu mi tí kì í gbélé. Mo ní bàbá mi ló ń tọ́ ẹṣin fún àwọn ìjòyè, pé èmi gan-an ti ń gun ẹṣin kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Irọ́ nìyẹn náà, ẹ ò jẹ́ kí n gùn ju arúgbó ẹṣin tó fọ́jú yẹn lọ. Miss Dawn wò mí láti orí dé orúnkún, ó ní kí n gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó ta mí nípàá, òun ò ní àlàyé tí òun máa ṣe fún ọmọ mi.

Ọ̀nà yín nìkan ni mo mọ̀, Bàbá. Ẹ máa ń dojú odó délẹ̀ nínú ọgbà ọmọ ẹṣin, ẹ ó jókòó lé e, ẹ ó kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin náà, ẹ ó máa run orín yín. Ẹ ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó na ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ẹ ò ní pè é, ẹ ò ní wò ó. Ó lè jẹ́ báyìí títí oòrùn á fi wọ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tún padà. Lọ́jọ́ kan ṣáá, òun fúnra rẹ̀ á wá, á fi imú kàn yín lọ́rùn. Nígbà náà pàápàá, ẹ kì í yíjú. Mo bi yín nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé tí ẹ kì í wò ó. Ẹ ní, "Ẹ̀yìn la fi ń pe ọmọ ẹṣin. Ojú la fi ń lé e." Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni yín. Mo rò pé gbólóhùn tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu yín lọ́dún yẹn nìyẹn.

Mi ò rí odó, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Tí mo bá ti kí ìrun Àílà lọ́sàn-án, mo ti lọ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, igun tó jìnnà jù ni Biscuit máa ń lẹ̀ mọ́. Mo gbé iyọ̀ sẹ́yìn títí ọwọ́ mi á fi kú. Àlájì Ràjí gbọ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibẹ̀ láti wá fi mí ṣẹ̀sín. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó wò mí, ó wo ẹṣin.

"Bàbá Sìkírá, ẹṣin lẹ̀ ń kọ́ ni, àbí ẹ̀ ń bá a bínú?"

Mo dá a lóhùn láìyíjú pé kó sún mọ́ ẹṣin náà dáadáa, pé àwọn méjèèjì jọra ní imú, bóyá wọ́n á gbọ́ èdè ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún kékeré, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó yá, mò ń gbọ́ jíjẹ koríko rẹ̀ ní ìtòsí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo ba Àlájì jẹ́ fún un. Mo sọ fún un bí ìyá Sìkírá ṣe kú, bó ṣe di ọwọ́ mi mú ní ọsibítù tó ní kí n yé pa àwàdà fún ìgbà díẹ̀, tí mi ò sì mọ nǹkan mìíràn tí mo lè sọ. Mi ò sọ ìyẹn fún Sìkírá rí. Lọ́jọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ wá wò mí, ó bá mi níbẹ̀ tí mò ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹṣin ń tẹ́tí lẹ́yìn mi. Ó bọ́ ìbòrùn ìyá rẹ̀ tó dà bora, ó na apá kọjá ọgbà, ó fi í bò mí léjìká.

Oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Biscuit tó wá. Mo kọ́kọ́ gbọ́ èémí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni imú rẹ̀ kàn mí lọ́rùn. Ó tutù, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ó lá iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò ju ìyẹn lọ, ó sá. Ó sá lọ kọlu géètì, irin ya àyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo sọ fún Miss Dawn pé ọkọ̀ ojú irin ló kọjá lórí afárá tó dẹ́rù bà á. Ó gbà mí gbọ́. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Biscuit kò tún sún mọ́ mi mọ́. Ọkùnrin onímọ́tò náà dé, òun àti àwọn méjì tó mú okùn dání. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wá lọ́jọ́ yẹn. Miss Dawn wọ inú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi dúró. Ẹṣin náà ké nígbà tí wọ́n fà á wọ mọ́tò. Ẹ mọ igbe yẹn.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn àgbà bi mí nípa ẹṣin mi. Ni mo bá gùn ún gba Rye Lane fún wọn. Àlájì Ràjí mọ òótọ́, ó sì wà níbẹ̀ tí mò ń sọ ọ́. Mo retí kó tú àṣírí mi. Ó ní irọ́ ni mo pa, ọlọ́pàá mẹ́ta ni òun rí, kì í ṣe méjì.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sílùú òyìnbó, mo wá kí yín ní ilé ẹṣin. Ẹ jókòó lórí odó, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí mi. Mo ní, "Bàbá, mò ń lọ." Ẹ ò yíjú. Mo tún dúró díẹ̀, ẹ ń run orín yín. Mo ní ẹ̀ ń bínú. Inú bí èmi náà, mo gbé àpótí mi, mo lọ. Gbogbo ayé ni mo ti sọ fún láti ìgbà yẹn pé bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ, wọ́n sì máa ń káàánú mi. Nígbà tí ìròyìn ikú yín dé, ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé. Tí mo bá jáde ní ìlú yìí, mi ò ní lè wọlé mọ́. Wọ́n ti sin yín kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Kò sí ẹṣin kankan nínú ọgbà lọ́jọ́ tí mo wá kí yín yẹn. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sódò. Mo fi ojú mi rí ọgbà tó ṣófo. Èmi nìkan ló wà lẹ́yìn yín. Ọwọ́ ọ̀tún yín sì wà ní nínà sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ yín ṣí sílẹ̀. Ṣé èmi ni ẹ ń pè? Báwo lẹ ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ? Ṣé iyọ̀ wà lọ́wọ́ yín?

Ọkọ̀ ojú irin kankan ò kọjá lórí afárá lọ́jọ́ yẹn. Bó bá sì kọjá, ó ti mọ́ Biscuit lára, kì í tilẹ̀ gbé orí. Nígbà tí imú rẹ̀ kàn mí lọ́rùn ni mo rántí ọgbà tó ṣófo yẹn, àti ọwọ́ yín. Mo sì yíjú. Kì í ṣe ẹṣin ni mo fẹ́ wò. Mo fẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá mo ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí mi. Ojú èmi àti ẹṣin ṣe mẹ́rin, ó sì sá.

Mi ò gun ẹṣin kankan ní Peckham. Ó wá bá mi, mo yíjú, wọ́n sì gbé e lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà lẹ́yìn yín níbẹ̀.